Kóòṣì Tó Fi Wá Sílẹ̀ Tó Tún Padà Wá

Ẹ fa àga yín sún mọ́bí. Ẹni tó bá gbé mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, kó lọ gbé e kúrò kó tó jókòó, torí ọ̀rọ̀ mi kì í yára tán, n kì í sì í fẹ́ kí wọ́n dá mi dúró láàárín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà ni, bẹ́ẹ̀ n ò mọ bọ́ọ̀lù dòní olónìí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ṣe jẹun ní Maryland. Ilé kan wà lẹ́yìn Upper Marlboro tí àwọn àgbàlagbà tí ọmọ wọn kò ráyè ń gbé. Àwa là ń wẹ̀ fún wọn, àwa là ń bá wọn wọṣọ, àwa là ń gbé oúnjẹ síwájú wọn tí à ń rán wọn létí oògùn. Obìnrin ará Siẹrá Lóònù tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ilẹ̀ ni kí n máa bẹ̀rù jù nínú ilé yẹn. Lójú òfin iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni tí orúnkún rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, ìbáà ṣe arúgbó, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́, ó ti ṣubú nìyẹn. Wọn kì í bi í bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Wọn á tẹ bọ́tìnnì pupa ara ògiri, ańbúláǹsì á dé, àlàyé á sì bẹ̀rẹ̀. Èmi ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ tọ́, mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní, ìlú wo rèé tí wọ́n ti ń pe ìkíni ní jàǹbá?

Bàbá méjì ni ìtàn mi dá lé. Walter ni ọ̀kan, Clarence ni èkejì. Ẹnu mi kò gbà á kí n máa pe ẹni tó tó bí mi lórúkọ lásán, ni mo bá ń pè wọ́n ní Bàbá Walter àti Bàbá Clarence. Wọ́n rò pé oyè ni, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn náà ń pè mí ní Mísì Bísí. Gẹ̀ẹ́sì là ń bá ara wa sọ o, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń gbọ́ ọ, Yorùbá náà ni n ó sì fi sọ ọ́ fún yín.

Bọ́ọ̀sì ìjọba ni Bàbá Walter ń wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé kóòtù ni Bàbá Clarence ní Upper Marlboro, iṣẹ́ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ní kí ẹ fún òun níyọ̀, ẹ ó rò pé wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí yín létí ni. Àìsàn ojú ti gba ìríran rẹ̀ pátápátá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó gbádùn bọ́ọ̀lù tó Bàbá Clarence nínú ilé náà. Ẹ má rò pé bọ́ọ̀lù tí à ń fẹsẹ̀ gbá nílé ni o. Tiwọn ṣóńṣó lórí, ó ṣóńṣó nídìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, àwọn ọkùnrin tó dé akoto á sì máa lé ẹni tó gbé e bí ẹni ń lé olè. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbá èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù. Ní gbogbo Sátidé, Bàbá Walter á jókòó ti Bàbá Clarence níwájú tẹlifíṣàn, á máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí fún un, bí ẹni ń wa bọ́ọ̀sì gba àdúgbò kọjá.

"A ti kọjá àárín pápá. Ọmọ wa kan ti yà sápá òsì. Iwájú rẹ̀ ṣófo. Dì mú."

Bàbá Clarence á sì di apá àga mú.

Bí ayé wọn ṣe ń lọ nìyẹn, àfi bí ìròyìn ṣe dé pé yunifásítì tí ilé wa ń ṣe tirẹ̀ ti gba kóòṣì tuntun. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí kóòṣì yìí jẹ́. Ọwọ́ wọn ló ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀. Nígbà tó wá ku ìdíje kan tó ṣe pàtàkì jù, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ alátakò wọn tó ń san owó gidi, ó sì kó àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù dání. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n tún lọ bẹ̀ wá.

Ilé pín sí méjì. Àwọn tó gba kóòṣì padà jókòó sápá fèrèsé, àwọn tó kọ̀ ọ́ jókòó sápá ilé ìdáná. Ìyá àgbà kan wà tí kò rántí orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó rántí orúkọ kóòṣì, ó sì ń gbé e ṣépè ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Bàbá Walter ni olórí àwọn ará fèrèsé. Ó ní ọmọ onínàákúnàá inú Bíbélì padà wálé, bàbá rẹ̀ kò sì lé e. Bàbá Clarence dáhùn pé ọmọ onínàákúnàá kò kó àwọn àbúrò rẹ̀ lọ nígbà tó ń lọ. Àwọn ará ilé ìdáná pàtẹ́wọ́. Inú bí Bàbá Walter. Àtẹ́wọ́ yẹn ló ba nǹkan jẹ́, torí òun ló mú un wá ọ̀rọ̀ tí yóò dun ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ tí o kò rí bọ́ọ̀lù, kí lo mọ̀ nípa rẹ̀?"

Bàbá Clarence kò pariwo. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì.

Ó ní, "Láti òní lọ, ohun tí ojú rẹ bá rí, fi í pa mọ́ fún ara rẹ."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹun pọ̀ mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àga Bàbá Clarence wà níbi tó máa ń wà, Bàbá Walter sì jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó kọjú sí àwọn mọ́tò ìta. Àánú ṣe mí. Mo jókòó ti Bàbá Clarence, mo ní èmi ni n ó máa sọ ọ́ fún un. Ó ní ó dáa. Mo ní wọ́n ti dúró, wọ́n ti tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, wọ́n sì ti wó lu ara wọn. Ó bi mí pé ta ló mú bọ́ọ̀lù. Mo ní ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni. Ó ní aṣọ wo ló wọ̀. Mo ní n kò lè rí i, èèyàn ti pọ̀ jù lórí rẹ̀, àfi kí á gbàdúrà fún un. Ó tún bi mí pé ta ló ń borí. Mo ní lójú tèmi o, àwọn tó wọ aṣọ mímọ́ ni.

Láti ẹ̀bá fèrèsé, Bàbá Walter bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó ní ògiri, ṣé ìwọ náà rí i pé àwọn mìíràn kò mọ̀ pé ìpolówó ọjà ni wọ́n ń fi hàn, pé bọ́ọ̀lù kò tíì padà dé. Ní tòótọ́, mo ti ń sọ̀rọ̀ ìpolówó ọṣẹ láti ìgbà díẹ̀.

Bàbá Clarence fọwọ́ kàn mí léjìká. "Mísì Bísí, o ṣeun. Bá mi pa tẹlifíṣàn náà."

Ìgbà tó wá yá, kì í jẹun mọ́ bó ṣe yẹ. Á gbé ṣíbí, á gbé e kalẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ nídìí. Ọ̀gá wa ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Tèmítọ́pẹ́, ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Maryland ni wọ́n bí i sí. Òun ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní dókítà ti sọ pé bí Bàbá Clarence bá ń rù báyìí lọ, àwọn yóò gbé e lọ sí ilé mìíràn, ibi tí wọ́n ti ń fi ṣíbí bọ́ ẹni tí kò lè jẹun fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ jìn. Ẹni tí a bá gbé lọ síbẹ̀, a kì í sábà rí i kó padà.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ tèmi náà. Mo ro ó pé nílé wa, bí àgbà méjì bá ń jà, ọmọdé kì í dá wọn lẹ́jọ́. Ó máa ń kúnlẹ̀ sáàárín wọn ni, kò sì ní dìde títí wọn á fi gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ta ni àgbà tí yóò jẹ́ kí orúnkún ọmọ ọlọ́mọ pẹ́ nílẹ̀ nítorí tirẹ̀? Òótọ́ ni pé èmi náà ti ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n lójú wọn, ọmọdé ni mí.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo ti àga Bàbá Clarence lọ sẹ́bàá tábìlì Bàbá Walter, mo ṣe bí ẹni pé mo fẹ́ gbálẹ̀. Mo tún gèlè mi ṣe, mo sì kúnlẹ̀ gbì láàárín wọn.

Bàbá Clarence gbọ́ ìró náà. Ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Kí ló ṣubú?"

Kò sí ẹlòmíràn nítòsí tí yóò dá a lóhùn. Bàbá Walter wò mí, ó wò ó, ó sì wò mí.

Ó ní, "Mísì Bísí ni. Ó wà nílẹ̀."

"Ṣé ó dákú ni?"

"Rárá. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń wò wá."

"Apá ibo ló kọjú sí?"

"Àárín èmi àti ìwọ. Ó ká ọwọ́ méjèèjì jọ. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ tọrọ nǹkan."

Mo la ẹnu kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ mi, Tèmítọ́pẹ́ ti ẹnu ilẹ̀kùn yọ, ó rí orúnkún mi nílẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì pupa. Mo bi í ní Yorùbá pé ṣé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ ni. Ó ní ìyá òun kọ́ òun, Mà, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni òun wà. Ó ní kí n má mira.

Bàbá Walter kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ti dé. Ó ń pariwo. Mísì Bísí ń mi orí, ó kọ̀ láti dìde." Bàbá Clarence ti di apá àga mú.

Àwọn ará ańbúláǹsì dé. Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi mí lórúkọ, ó bi mí ní ọjọ́ tí a wà, ó bi mí bóyá ibì kan ń dùn mí. Mo ní ọkàn mi ló ń dùn mí. Ó yára fa ẹ̀rọ àyà jáde. Mo ní kì í ṣe irú ìyẹn, pé ìjà àwọn bàbá méjèèjì yìí ni, pé kóòṣì ló fà á. Ó béèrè pé kóòṣì wo. A sọ fún un. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun kì bá tí gba ọkùnrin yẹn láéláé. Ẹnì kejì rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ní ta ló bi í, pé kóòṣì náà ló dáa jù nínú gbogbo àwọn tí òun ti rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, lórí mi, lórí ilẹ̀ tí orúnkún ti ń dùn mí. Àwọn ará fèrèsé dìde, àwọn ará ilé ìdáná dìde, ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ èpè.

Nínú ariwo yẹn, Bàbá Clarence na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. "Walter, kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí? N kò gbọ́ ohùn rẹ."

Bàbá Walter fa àga rẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n ń jà nítorí kóòṣì," ó ní. "Clarence, ọ̀rọ̀ ojú yẹn, kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde."

Bàbá Clarence gbé ohùn kóòtù rẹ̀ wọ̀.

"Ti kóòṣì, n kò gbà fún ọ. Ti èkejì, mo ti gbọ́. Sọ fún Mísì Bísí kó dìde."

Wọ́n fa ọwọ́ mi kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo sì ń gbé ara mi dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí àwọn méjèèjì má baà ṣubú lù mí. Tèmítọ́pẹ́ ní kí n lọ jókòó sílé di ọjọ́ Ajé, nítorí mo ti ṣubú. Kí n tó jáde, mo rí i tí Bàbá Clarence ní kí wọ́n bu sítúù kún tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ilé jíjìn yẹn mọ́.

Kóòṣì náà ńkọ́? Ó gbádùn díẹ̀, ó tún kó ẹrù rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn dé, Bàbá Walter ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Bàbá Clarence ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Àwọn ará ilé ìdáná tẹ̀ lé wa, wọ́n fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kan ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bi í pé ta ló rò pé wọ́n máa gbà báyìí.

Bàbá Walter sùn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kò jí. Ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Brandywine láti pín ẹrù rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fìlà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Èmi jogún àga ẹ̀gbẹ́ Bàbá Clarence ní ọjọ́ Sátidé. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wa mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ máa sọ ẹni tó wó lu ẹni fún un. Ó ní mo ti ń gbìyànjú.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú kóòṣì yẹn. Bàbá Clarence gbé ọwọ́ sókè, ó ní ọkùnrin náà mọṣẹ́, pé bí òun bá jẹ́ yunifásítì, òun á tún lọ bẹ̀ ẹ́ wá. Gbogbo ilé yíjú sí i. Ẹnì kan ní ṣebí òun gan-an ló kórìíra rẹ̀ jù.

Ó ní, "Mo ṣì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n Walter kò sí níbí mọ́ láti fèsì."