Orúkọ Tí Ìyá Àgbà Kò Lè Pè

Sayra, ìyá tó bí bàbá mi, kò bẹ̀rù ìkookò, kò bẹ̀rù ìjòyè, ó sì lè fi ẹnu lásán lé ọkùnrin mẹ́ta kúrò létí odò. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ pátákò ẹṣin lórí òjò-dídì, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tíì á dà sílẹ̀. Èmi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọdé kúkú ni mí. Ọjọ́ kan ló pè mí jókòó, ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, n kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ọdún tí àwọn ọmọ ogun ọba Rọ́ṣíà ń pa àwa darandaran orí òkè kiri ni. Ìdílé gbogbo kó ọmọ kó ẹran gorí òkè, wọ́n fẹ́ sọdá sí ilẹ̀ Ṣáínà. Sayra kò tíì lò ju oṣù mẹ́fà lọ nílé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ yọ̀, ó já sínú ọ̀gbun pẹ̀lú ràkúnmí tó ń fà. Osmon, àbúrò ọkọ, ti da agbo àgùntàn lọ níwájú. Ìjì òjò-dídì wá bo ojú ọ̀nà. Nígbà tí ojú ọjọ́ yóò fi là, kò sí èèyàn, kò sí ẹran, kò tilẹ̀ sí ipa ẹsẹ̀ tí Sayra lè tọ̀.

Èéfín ló rí lókèèrè, láti inú ahéré olókùúta kan táwọn darandaran ń sùn sí. Ó yọ ọ̀bẹ kó tó ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan jókòó sídìí iná, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, ẹṣin rẹ̀ tó rù kan egungun dúró tì í nínú ilé.

"Tó o bá fẹ́ pa mí, ti ilẹ̀kùn ná," ọkùnrin náà wí. "Òtútù ń wọlé."

"Ta ni ẹ́?"

"Bektur. Ará ìsàlẹ̀ odò."

Ará ìsàlẹ̀ odò! Àwọn tó kó ẹṣin bàbá rẹ̀ lọ kó tó gbọ́n.

"Olè ẹṣin," Sayra wí.

"Ẹyọ kan tó kù nìyí. Tó o bá ní ti bàbá ẹ ni, mú un. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká tètè parí ẹjọ́ yẹn, torí a máa tó pa á jẹ."

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n pa á lóòótọ́, Bektur sì kọjú sí ògiri, ó sunkún. Ẹran yẹn pẹ̀lú àpò ìyẹ̀fun ọkà yíyan tó wà lẹ́yìn Sayra ni gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ní títí di ìgbà ìrúwé.

Òjò-dídì ga kọjá òrùlé. Igi àjà ń ké kíkékíké lórí wọn, òkè ń dún gbì-gbì-gbì bí òjò-dídì ti ń ya lulẹ̀ lọ́nà jíjìn, àwọn méjèèjì á sì di èémí mú, wọ́n á máa retí bóyá tiwọn ló kàn. Sayra ń sùn sí inú ilé lọ́hùn-ún níbi tó móoru jù, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bektur ń sùn sẹ́nu ọ̀nà, kí atẹ́gùn tó bá ráyè wọlé lè kan òun kó tó kan ẹlòmíràn. Ẹ̀rù méjì ló ń ba òun, ìyá àgbà wí: ẹ̀rù òkè àti ẹ̀rù ọkùnrin. Kí oṣù kan tó pé, ó ku ẹyọ kan.

Ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ ni wọ́n fi ń dá iná, inú ọgbà àgùntàn kan lókè ahéré ni wọ́n sì ti ń kó o. Kò ju ọgọ́ta ìṣísẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ìjì bá dé, èèyàn lè kú sáàárín ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Nítorí náà, bí Bektur bá ti jáde, Sayra á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo orúkọ rẹ̀, òun náà á máa tọ ohùn yẹn bọ̀.

"Bektur! Bektur oo!"

"Ohùn ẹ yìí, ti ràkúnmí ò tó o."

"Ràkúnmí tó pè ẹ́ wálé, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í dá orúkọ ọkọ lẹ́nu, kì í sì í pe orúkọ ará ilé ọkọ, bó ti wù kó kéré tó. Osmon tó jẹ́ àbúrò ọkọ, "Àbíkẹ́yìn" ni Sayra ń pè é. Ṣùgbọ́n kí ni Bektur jẹ́ sí i? Àjèjì. Orúkọ rẹ̀ kò wúwo lẹ́nu rárá.

Ó di ọjọ́ kan ní àárín òtútù. Bektur jáde lójú ọjọ́ tó mọ́, kò sì tíì dé ọgbà tí gbogbo ayé fi funfun. Sayra sáré sẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu. Orúkọ kò jáde. Ó tún la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ dúró gbagidi. Ìbẹ̀rù bò ó, ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń kú lọ níta, orúkọ yẹn nìkan ló lè gbà á là, òun kò sì lè pè é. Ó gbá ìkòkò irin mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí ńlá lù ú bíi wèrè. Ó lù ú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ kan yọ látinú funfun yẹn, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Nídìí iná, bí eyín Bektur ti ń gbá ara wọn, ó jágbe mọ́ ọn.

"Ṣé o fẹ́ kí n kú ni? Kí ló dé tó ò pe orúkọ mi?"

Sayra wo ilẹ̀. Bektur wò ó. Ó tún wò ó. Ìbínú kúrò lójú rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Mi ò mọ̀. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ mọ̀."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn nìyẹn, Ọlọ́run nìkan ló ṣe ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù tuntun ti wọ inú ìyá àgbà, èyí tó ju méjì àkọ́kọ́ lọ: kí òkè má gbà á lọ́wọ́ òun.

Òkè kò gbà á. Nígbà tí òjò-dídì ń yọ́, wọ́n gbọ́ pátákò ẹṣin lórí rẹ̀. Osmon ni, òun àti ọkùnrin méjì, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá wá opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí yóò ṣú lópó, bí ó ti tọ́ sí i. Ó bá opó náà láàyè, ó sì bá ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìbọn, ó nà án sí àyà Bektur.

"Ìyàwó wa, ta nìyí?"

Sayra mọ ohun tó tó kó sọ. Kó ṣá ti pe Bektur lórúkọ, gẹ́rẹ́ báyìí, bí èèyàn ti ń pe àjèjì. Wọ́n á mọ̀ pé wọn kò jẹ́ nǹkan kan síra wọn. Bektur á wà láàyè, òun á bá Osmon lọ.

"Mo ní kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ẹni tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà," Sayra wí.

Àwọn ọkùnrin méjì yẹn wo ara wọn. Ojú Osmon pọ́n.

"Ìyàwó wa, mò ń bẹ̀ ẹ́. Pe orúkọ ẹ̀."

Ìyá àgbà mi wo ojú ihò ìbọn, ó sì la ẹnu.

"Osmon," ó wí.

Obìnrin ilé wọn ti pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, lójú gbangba, bí ẹni tí kì í ṣe ìyàwó ilé wọn mọ́. Osmon dúró pẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó tú àpò ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò lára ẹṣin, ó jù ú sí ẹsẹ̀ wọn.

"Kì í ṣe òun," ó sọ fáwọn tó tẹ̀ lé e. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kú sórí òkè."

Wọ́n ṣe òkú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n pa abo ẹṣin. "Wọn ò sì fi ẹran ránṣẹ́ sí mi," ìyá àgbà máa ń wí.

Mo bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò kàn pe orúkọ bàbá àgbà? Ẹ ò bá ti gbà á lọ́wọ́ ìbọn yẹn."

"Mo fẹ́ pè é," ó wí, ọwọ́ rẹ̀ tún ń gbọ̀n. "Mo fẹ́ pè é, ọmọ mi, kí wọ́n má baà pa á. Ẹnu mi ò gbà."

Ó nu ojú, ó ní kí n lọ gbé tíì fún ẹni tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà.