Màlúù Tí Kò Níwo

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ bá mi fọwọ́ bo ibi tí kò bá ti dáa. Ọdún díẹ̀ ni mo fi lọ sílé ìwé, mi ò sì kọ nǹkan gígùn rí ju ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí fóònù. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́, èmi náà kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Balch Springs ní Amẹ́ríkà níbí, ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Wọ́n ní ìyá àgbàlagbà kan wà ní Little Elm tí ojú rẹ̀ ti fọ́, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbé tì í láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

"Òǹkọ̀wé ni o," Àǹtí wí. "Ìwé tó ti kọ kún pẹpẹ. Ìwọ ṣáà máa dákẹ́ bí o ṣe máa ń dákẹ́, wọ́n á rò pé ọgbọ́n ló pọ̀ nínú rẹ."

Ajẹntínà ni wọ́n bí ìyá náà sí. Ìtàn àwọn darandaran orí ẹṣin ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní gáúṣò, ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ: bí wọ́n ṣe ń da màlúù la pápá kọjá, bí wọ́n ṣe ń sun ẹran lẹ́bàá iná, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó, bí wọ́n ṣe ń jà. Àwòrán wọn wà lára ògiri pálọ̀. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan jókòó sórí ẹṣin, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ọ̀bẹ gígùn wà nínú ìgbànú rẹ̀ lẹ́yìn, màlúù sì kún iwájú rẹ̀ lọ títí. Tí mo bá ń nu àwòrán yẹn, fèrèsé ni mo máa ń wò. Àyà mi á máa já títí màá fi nù ún tán.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Yàrá tí wọ́n fún mi nínú ilé yẹn ni yàrá àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi nìkan láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo sì fẹ́ràn Màmá, bí mo ṣe ń pe ìyá náà, torí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tí mo bá gbé tíì kíkorò tó máa ń mu nínú igbá kékeré fún un, á ní, "Ọmọ mi, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ò ń tọ́jú pamọ́ yẹn, ọjọ́ wo lo fẹ́ ná an?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò bínú. Ìnáwó ni mò ń dúró dè."

Ìwé kan ṣẹ́kù tó ń kọ, ó ní òun ló máa kẹ́yìn. Á sọ ọ́ sínú fóònù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Farmers Branch, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àmọ́ ìwé náà ti dúró lójú kan. Màmá ní òun ti ń gbàgbé bí màlúù ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn àwọn ilé tuntun tó wà ní òpin àdúgbò wa, pápá kan wà tí wọn ò tíì kọ́lé sí, màlúù sì ń jẹko níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọ rẹ̀ pè mí sí kíṣìnnì kó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Máa mú Màmá lọ síbi pápá yẹn nírọ̀lẹ́," ó ní. "Máa sọ ohun tí o bá rí fún un. Ojú rẹ ló máa fi parí ìwé yìí. Ṣé o lè ṣe é? Tí o kò bá lè ṣe é, sọ fún mi, kí n tètè wá ẹlòmíràn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. "Mo lè ṣe é, mà," ni mo sọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Tí ẹni tó ju ni lọ bá béèrè nǹkan, ẹnu á ti jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" kí ọkàn tó débẹ̀.

Mo pe Àǹtí mi.

"Àǹtí, màlúù ni wọ́n ní kí n máa lọ wò."

"Màlúù tí ó wà nínú ọgbà? Màlúù Amẹ́ríkà mọ̀ ẹ́ rí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n rántí, ohùn wọn sì wálẹ̀. "Ṣé kí n bá ọmọ ìyá yẹn sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí."

Ohun tí wọ́n rántí nìyí. Ní abúlé wa ní Òkè-Ògùn, ìyá kan máa ń ti gáà àwọn darandaran wá ta wàrà fún ìyá mi, wọ́n á jókòó, wọ́n á jọ máa sọ ọ̀rọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn darandaran tó wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ò mọ̀ wọ́n rí. Èmi àti bàbá mi la wà lóko ẹ̀gẹ́. Bàbá mi ní kí n sùn sílẹ̀ láàárín ebè, kí n má mira. Bàbá mi lọ bá wọn. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi, nígbà tó yá mi ò gbọ́ ọ mọ́. Àwọn màlúù wá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀kan ń tẹ̀lé òmíràn, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ àyà mi. Bàbá mi yè é, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbé ọkọ́ mọ́. A kó lọ sí Ìséyìn, ilé ìwé mi sì parí síbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo gbé àga ike kan, mo di apá Màmá mú, a rìn débi ọgbà pápá. Mo mú un jókòó, èmi dúró sẹ́yìn àga. Mo gbọ́ wọn kí n tó rí wọn, bí wọ́n ṣe ń já koríko àti bí wọ́n ṣe ń mí. Mo dijú.

"Ṣé wọ́n wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Màmá."

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀ sí ná an."

Mi ò lè la ojú. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Mo ní wọ́n funfun. Mo ní ìwo wọn ga, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ojú ọ̀run. Mo ní egungun ìhà wọn ń hàn, eruku wà ní itan wọn, pátákò wọn ń rì sínú ebè. Mo ní ọ̀kan dúró, ó tẹrí sílẹ̀, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ ń jáde bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà.

Màmá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ọmọ mi," ó ní, "nígbà tí mo ṣì ń ríran díẹ̀, mo máa ń wá síbí. Dúdú làwọn màlúù yìí. Wọn ò níwo."

Mo kúnlẹ̀ sínú koríko. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Níbo lo ti rí àwọn tí o sọ?"

Mo sọ fún un. Kò pọ̀. Oko, ohùn bàbá mi, ebè.

Màlúù kan fọn imú níwájú wa, mo di ẹsẹ̀ àga mú.

"Orí ẹṣin ni mo ti kọ gbogbo ìwé mi," Màmá ní. "Ibẹ̀ ni bàbá mi gbé mi sí láti kékeré. Màlúù dára láti orí ẹṣin. Mi ò wò ó láti ilẹ̀ rí."

Orí eékún ni mo ṣì wà.

"Dìde, eèrà ibẹ̀ yẹn máa ń ta ènìyàn." Mo dìde. "Àwọn màlúù tí o sọ yẹn, tìẹ ni. Mi ò ní fi wọ́n sínú ìwé mi àfi tí ìwọ bá ní kí n fi wọ́n sí i. Àmọ́ ti ibí yìí ni mo nílò. Ọmọ mi máa béèrè lọ́wọ́ mi lọ́la, mi ò sì ní purọ́ fún un."

"Ṣé ẹ máa ní kó wá ẹlòmíràn?"

"Ìwọ lo máa sọ ìyẹn fún mi."

A rìn padà sílé. Ó di apá mi mú, àmọ́ èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n dì mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Màmá tó jí, mo gbé àga ike náà, mo dá lọ. Ìrì wà lórí koríko. Mo gbé àga sí ojú ibi tó wà lánàá, mo jókòó, mo di igi ọgbà mú, mo sì dijú. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń bọ̀. Ó dúró. Èémí rẹ̀ bà mí lọ́wọ́, ó gbóná. Gbogbo ara mi ní kí n sá. Mo la ojú.

Dúdú ni. Wọ́n fi ike kékeré kan sí i létí bíi yẹtí. Imú rẹ̀ tutù, koríko kan lẹ̀ mọ́ ọn. Kò níwo lóòótọ́. Àyà mi kò dẹ́kun àtijá, àmọ́ mi ò dìde, mo sì ń sọ ọ́ nínú ara mi jẹ́jẹ́, kí n má bàa gbàgbé kí n tó délé: dúdú, yẹtí, koríko lára imú.