Àwọn Tó Kù nínú Ilé Àyìndé

Nígbà tí Ràzáàkì sọ pé òun ń lọ sí Kétu lọ́jọ́ Àlàmísì, ìyá rẹ̀, Àmínátù, kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó wọ yàrá lọ, ó ká ìró méjì àti ìborùn kan sínú báàgì. Láti ìgbà tí Àyìndé ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọ sì kó o wá sí ilé rẹ̀ ní Gbégamey nígboro, kò sí ìrọ̀lẹ́ tó kírun tí kò rántí ilé oko wọn ní Kétu. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kan. Ìyàwó ọmọ ń tọ́jú rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ń bá a ṣeré, kí ló tún fẹ́? Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń lu páànù ìsọ̀ àwọn kápíńtà tó wà lẹ́yìn ilé, ọkàn rẹ̀ a fò lọ.

Inú ọkọ̀ ló ti rí àwọn àpótí onírin kéékèèké tí wọ́n tò sẹ́yìn.

"Kí ni gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Páńpẹ́ eku ni, Màmá. Iṣẹ́ yunifásítì ni." Abomey-Calavi ni Ràzáàkì ti ń kọ́ni, àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé ara eku ìgbẹ́ ló ń wádìí. Ó wo báàgì tó wà lórí itan ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ilé Bàbá la fẹ́ dẹ wọ́n sí. Eku ti gba ibẹ̀ kan. Ẹ má bínú, mo rò pé mo ti sọ fún yín."

"O ò sọ."

Ó yíjú sí fèrèsé.

Nígbà tí wọ́n dé oko, Ràzáàkì kò jẹ́ kó wọlé. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì, tí wọ́n wá nínú ọkọ̀ kejì, wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n bo imú bo ẹnu, nítorí ìtọ̀ eku lè ti gbẹ sínú eruku ilẹ̀, ẹni tó bá sì fà á símú lè kó ibà tó ń pani. Àmínátù dúró lábẹ́ máńgòrò, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ bí àlejò.

Ó tó oṣù mélòó kan kí èsì tó jáde. Ràzáàkì jókòó tì í lórí ẹní lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

"A rí fáírọ́ọ̀sì lára àwọn ẹmọ́ inú ilé yẹn, Màmá. A ò rí i lára òkété tó gbẹ́lẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé."

"Ṣebí oko kan náà ni wọ́n jọ wà?"

"Oko kan náà ni. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì náà ti bá ẹmọ́ gbé láti ìrandíran. Ó mọ ibi tó máa gbà wọ ara rẹ̀, ó sì mọ bó ṣe máa gbé ibẹ̀ láìpa á. Tó bá bọ́ sára ẹran mìíràn, àjèjì ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ló máa parun sí. Ìgbà mìíràn, ó lè pa ẹran tó gbà á sílé."

"Ṣé ibòmíràn ò lè mọ́ ọn lára ni?"

"Àwọn fáírọ́ọ̀sì kan ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, títí ara tuntun á fi gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í yá."

"Ràzáàkì, mo fẹ́ sun inú ilé mi."

Ọmọ kò jiyàn. Nígbà tí òjò ọdún náà dáwọ́ dúró, ó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò, kí wọ́n fi omi apakòkòrò fọ ilẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn. Ọyẹ́ ti mú kó tó gbé ìyá rẹ̀ lọ.

Òórùn sìmẹ́ńtì ló pàdé rẹ̀. Ó lọ kí àwọn aládùúgbò. Ilé Ṣẹ̀ríìfù, aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́, ti wó, àwọn tó kù kò mọ̀ ọ́n. Ó dáná, ó jẹun, ó tẹ́ ẹní sí ibi tí wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí. Kò sí ohun tó ń rìn lájà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ó pe ọmọ lórí fóònù pé kó wá mú òun.

"Ṣé ilé ò dáa ni, Màmá?" ni Ràzáàkì bi í lójú ọ̀nà.

"Ilé dáa, ọmọ mi. Bàbá rẹ ni mo rò pé mo máa bá níbẹ̀."

Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, Àmínátù á ní kó gbé òun lọ síbẹ̀. Á ṣí fèrèsé, á gbá àgbàlá, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn á fi rọlẹ̀, kí wọ́n tó padà sí Gbégamey.