Omi Tí Mo Bù Sí Ìwúkàrà Màmá

Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí pé nígbàkígbà tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí, mo máa ń wá ibòmíràn tí mo lè gbé ẹ̀bi náà sí: lórí àìsàn, lórí ìwé tí kò hàn kà, lórí ìyá mi pàápàá tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ògì. Kò sí èyí tó gbà á nínú wọn. Èmi ni mo bu omi sí ìwúkàrà màmá, èmi náà ni mo sì purọ́.

Turin, ní Ítálì, ni mo wà nígbà yẹn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nínú yàrá kan ní San Salvario tí èmi àti ẹ̀gbọ́n kan láti ìlú wa jọ ń gbé. Ẹ̀gbọ́n yìí kàwé dé yunifásítì. Èmi ò parí girama. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ màmá, ará Amẹ́ríkà kan tí ọkọ wọn tó jẹ́ ará Ítálì ti kú, tí wọ́n ń dá gbé ní òkè kẹta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ibi tí ọkọ̀ tráàmù ń gbà. Mo ń bá wọn ra ọjà, mo ń tún ilé ṣe, mo ń dì wọ́n mú tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Àwọn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tí mo fi gba permesso, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ohun tí mo jẹ́ ní Ítálì lónìí, ọwọ́ wọn ló ti wá.

Nígbà tí Kérésìmesì àkọ́kọ́ ń bọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé igi wálé. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n igi ni, mo gbé e. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà mọ Kérésìmesì í ṣe o."

Wọ́n wò mí. "Ta ló sọ fún ọ pé ti Amẹ́ríkà ni? Àwọn èèyàn mi ló gbé e débẹ̀."

Bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn pé ọmọ ọmọ àwọn ará Jámánì ni wọ́n. Àwọn baba ńlá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Wisconsin ní Amẹ́ríkà, wọ́n dáko, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fi èdè Jámánì wàásù nínú rẹ̀. Sọ́séèjì inú búrẹ́dì tí mo máa ń rí nínú fíìmù, tí mo rò pé òun gan-an ni Amẹ́ríkà, àwọn ni. Kí ìdílé kó oúnjẹ àti orin jáde lọ sábẹ́ igi lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn ni. Ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké náà, àwọn ni.

"Jẹ́lé-ó-sinmi," ni mo wí.

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Mo ní a ń mú ọmọ lọ síbẹ̀ kí ilé lè sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Òótọ́ ni tiyín yẹn!" Nígbà tó ṣe, ojú wọn fà ro. "Gbogbo ayé gba nǹkan lọ́wọ́ wa," ni wọ́n wí, "kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó mú un wá. Àwa gan-an ò rántí."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ èdè Jámánì. Wọ́n ní rárá. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn èèyàn wọn bí ọ̀tá. Ìyá àgbà wọn gbé èdè náà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá wọn wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá ìyá rẹ̀ lóhùn, ó sì parí síbẹ̀. Mo rántí ọmọ ará ìlú wa kan ní Turin: bí bàbá rẹ̀ bá ní "Wá jẹun," "Non ho fame" ló máa fi dáhùn, pé ebi ò pa òun.

Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ màmá kò ju ìgò kan nínú fíríìjì lọ. Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń mú búrẹ́dì wú ló wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun ráì, ọkà òyìnbó kan, tó ti kan. Ìyá ìyá àgbà wọn ló gbé e sọdá òkun, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fún un ní ìyẹ̀fun tuntun, ìran dé ìran, kó má bàa kú. Ti gbogbo ẹbí wọn ní Amẹ́ríkà ti kú. Tiwọn nìkan ló kù, ọmọ ọmọ wọn obìnrin sì ń bọ̀ wá gbà á ní Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e. "Bí ọmọ yẹn bá ti gbé e délé," ni wọ́n máa ń sọ, "ẹrù mi bọ́."

Nígbà tó ku bí oṣù kan àti ààbọ̀ kí ọmọ náà dé, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ìgò yẹn. Máa fún un lóúnjẹ. Mo ti kọ bí wàá ṣe ṣe é sílẹ̀."

Ìwé náà wà lára fíríìjì lóòótọ́. Ìkọ̀wé ayé àtijọ́ ni, gbogbo lẹ́tà so mọ́ra bí òwú tó ta kókó. Ó yẹ kí n mú un lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ṣí ìgò. Omi kan lé sókè, ìyẹ̀fun rọ̀ sísàlẹ̀, òórùn kíkan bọ́ sími nímú. Mo rẹ́rìn-ín. Ògì mà nìyí! Ta ló fẹ́ kọ́ èmi ọmọ ìyá mi ní ìtọ́jú ògì? Láti kékeré ni mo ti ń rí i: láàárọ̀, ìyá mi á rọra da omi orí rẹ̀ nù, á bu omi tútù mìíràn lé e kó má bàa kan jù. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, lójoojúmọ́. Mo tilẹ̀ ń rò ó pọ̀ kó lè dà bí tìyá mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rùn mọ́, ó mọ́ lóló. Inú mi dùn.

Màmá tẹ̀ mí láago láti ilé ìwòsàn. "Ṣé ó ń wú?"

"Kí ló ń wú, Màmá?"

"Ìwúkàrà! Tí o bá ti fún un ní ìyẹ̀fun, ṣé ó ń wú?"

Ìyẹ̀fun. Mi ò fún un ní ìyẹ̀fun rí.

"Ó ń wú, Màmá. Ó ń wú dáadáa."

Mo bu ìyẹ̀fun sí i lọ́jọ́ yẹn, mo bu sí i lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta. Kò mira. Ìgbà yẹn ni mo tó mú ìwé lọ bá ẹ̀gbọ́n. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "O fọ ìwúkàrà òyìnbó bí ògì! O ò kúkú rò ó lẹ́kọ, kí o dì í léwé, ká fi jẹ àkàrà!" Ló bá rí ojú mi. "Àbúrò, gbọ́. Ra lievito, ìwúkàrà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, pò ó mọ́ ìyẹ̀fun. Á wú. Ta ló máa mọ̀?"

"Màmá máa mọ̀."

"Ó dáa, lọ sọ fún wọn nígbà náà."

Mi ò lè sọ. Mo ra lievito. Ó wú, ó kún ìgò dẹ́nu.

Nígbà tí màmá fi máa padà wálé, wọ́n ti gbẹ. Ọmọ ọmọ wọn dé, ọmọbìnrin ọlọ́yàyà kan. Ó mú nínú ìgò, ó ṣe búrẹ́dì, màmá jókòó tì í, wọ́n ń darí rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́ nínú ófùn, ó gé díẹ̀ fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n dúró. Wọ́n tún jẹ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

"Kò kan lẹ́nu mi," ni wọ́n wí. Wọ́n yíjú sí mi.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ.

"Oògùn ilé ìwòsàn ni, Màmá. Oògùn máa ń ba ẹnu jẹ́."

Wọ́n mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu mi ti kú." Wọ́n ti àwo náà sọ́dọ̀ ọmọ ọmọ wọn. "Ìwọ bá mi jẹ ẹ́."

Ọmọ náà fi táwẹ́ẹ̀lì méjì wé ìgò, ó gbé e lọ. Màmá kú kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Wọn ò béèrè búrẹ́dì mọ́ títí wọ́n fi kú. Ẹnu ara wọn ni wọ́n dá lẹ́bi.

Mo kúrò ní Turin. Mo ṣe iṣẹ́ ẹrù gbígbé ní Alessandria, mo wá bá ara mi ní Arcella, ní Padua níbí. Káàdì kan láti ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ màmá ń tẹ̀ lé mi kiri lọ́dọọdún. Àdírẹ́sì Turin ló mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi í ránṣẹ́ sí mi láti ibẹ̀. Fọ́tò máa ń wà nínú rẹ̀: igi Kérésìmesì, àwọn ọmọ, búrẹ́dì. "Ìwúkàrà ìyá àgbà ṣì wà láàyè, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ." Ọmọ náà ti ń pín in fún àwọn ẹbí. Ẹ̀gbọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀: "Wọ́n ń jẹun, inú wọn ń dùn. Kí lo tún fẹ́?" Mi ò lè bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Òkun ò pa ìwúkàrà yẹn, ogun ò pa á. Omi ẹ̀rọ ló pa á, lọ́wọ́ mi, níbi tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀. Kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè rí òmíràn.

Káàdì tọdún yìí wà níwájú mi. Lẹ́yìn ìkíni, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, kí n lè rí i kà: "Búrẹ́dì wa kì í ní ìtọ́wò ti ìyá àgbà. Gbogbo ọ̀nà ni mo ti gbà. Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ wọn gbẹ̀yìn. Kí ni wọ́n máa ń ṣe tí èmi kì í ṣe?"

Mo mọ èsì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé bébà kalẹ̀, tí mo kọ "Ẹ kú ọdún," tí mo sì dúró síbẹ̀. Mo jẹ ọmọ náà ní lẹ́tà kan, lẹ́tà yẹn ò sì tíì kúrò lọ́wọ́ mi.