Ìbákà Tí Wọ́n Gbé Wá Jẹ́rìí

Wọ́n ní ìbákà ló jẹ́rìí fún Bàbá Luqman ní ìpàdé ìgbìmọ̀ mọ́sálásí. Wọ́n ní ó gbé ẹyẹ náà kalẹ̀ tòun ti àgò, ó ní kí wọ́n bi í léèrè, ẹyẹ sì dáhùn. Ìdajì ìròyìn yìí ṣeé gbà gbọ́. Pé ó gbé ẹyẹ lọ, òótọ́ ni, ojú tó rí i pọ̀. Pé ẹyẹ dáhùn ló ṣòro díẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ Bàbá Luqman mọ̀ pé kò ní jẹ́ kí ẹyẹ ráyè sọ̀rọ̀.

Pákó ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlagi ní Òjòwò, kí Ọlọ́hun tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ló so àgò ìbákà rẹ̀ kọ́ sí. Ohùn ìbákà yẹn dùn bí oyin. Ọlọ́hun tó fún ẹyẹ lóhùn, pákó ló fún Bàbá Luqman.

Ilé wọn sì ni wọ́n ti ń mú ládàánì, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò. Bàbá rẹ̀ pè é, bàbá bàbá rẹ̀ pè é. Nígbà tó kan òun náà, ìrun àsùbá kan ṣoṣo ló pè. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ìlagi fò dìde lórí ẹní, wọ́n rò pé wọ́n ti tan ẹ̀rọ láì dúró de àwọn. Kí ìrun tó parí, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìpè tó ń jí ènìyàn nìyẹn," ni Bàbá Luqman wí.

Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ púpọ̀. Wọ́n gba ìpè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ilé mìíràn, wọ́n sì fi òun ṣe alábòójútó bàtà.

Ọdún gbọọrọ kọjá. Ládàánì ilé kejì darúgbó, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Luqman ti dàgbà, ó sì lóhùn. Bó bá ń ka Kùránì, ọlọ́kadà á pa ẹ̀rọ kó lè gbọ́. Ṣùgbọ́n alága ìgbìmọ̀, Bàbá Khalilullah, fárí gá. Ó ní ohùn ló ń sọ ilé di ilé ládàánì, ohùn sì ti kúrò nílé yẹn. Tọmọ yìí, ó ní, Ìlaporu ló ti wá.

Ìyá Luqman ló ń bá wí. Rachel ni wọ́n ń pè é nílé bàbá rẹ̀ ní Ìlaporu, níbi tó ti ń dá orin ní ìjọ Aládùúrà, kó tó wọlé ọkọ tó di Asimawu. Kì í jẹ́ kí ìrun kọjá lórí òun, ṣùgbọ́n bó bá ń fọ abọ́, orin ìjọ ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá Luqman ò gbà. Bí ipò náà bá tún bọ́ lọ́wọ́ ilé wọn, ó bọ́ títí láé nìyẹn. "Ohùn wà nílé wa," ó ń wí káàkiri. "Ó kàn gba ọ̀dọ̀ mi kọjá láì kí mi ni."

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí tí Aaliyah, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní yunifásítì Àgó-Ìwòyè, fi yà sí ìsọ̀ lọ́jọ́ kan tó ń wo ìbákà.

"Bàbá, ẹyẹ yìí ní nǹkan tí adìẹ àti ẹyẹlé ò ní."

"Ohùn ni."

"Yàtọ̀ sí ohùn. Kúrómósóómù ni, okùn tíntìntín tí Ọlọ́hun kọ ìrísí ẹ̀dá sí. Gbogbo ẹyẹ olórin tí wọ́n ti yẹ̀ wò ló ní ọ̀kan tó ṣàjèjì. Ẹ ò ní í bá a nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ ò ní í bá a nínú ẹran ara wọn. Ibi tí ẹyin àti irúgbìn akọ ti ń wá nìkan ló ń gbé. Wọ́n ní láti ara baba ńlá gbogbo ẹyẹ olórin ló ti bẹ̀rẹ̀, tó sì ń yí padà. Ó tóbi lára òmíràn, ó kéré lára òmíràn."

Bàbá Luqman gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Kò sí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú irúgbìn rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo ní in."

"Bàbá, ẹyẹ ni mò ń sọ."

"Èmi náà ń sọ ẹyẹ."

"Wọn ò sọ pé òun ló ń mú wọn kọrin o. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n tán."

"Kí wọ́n wá bi mí."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wá ra pákó bẹ́ẹ̀dì, kúrómósóómù ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Àkùkọ Asimawu pàápàá ò bọ́ níbẹ̀. Bó bá ti kọ, Bàbá Luqman á ní, "Ṣé o rí i? O ò ní in."

Lọ́jọ́ ìpàdé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó wọlé pẹ̀lú àgò lọ́wọ́ àti Aaliyah lẹ́yìn. Ó sọ̀rọ̀ títí àwọn kan fi ń tòògbé. Bàbá Khalilullah kojú sí ọmọbìnrin náà.

"Ọmọ mi, òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà. Ti ẹyẹ."

"Nínú akọ àti abo, èwo ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́?"

Aaliyah wo ilẹ̀. "Ìyá ni, sà. Bó bá kan ti akọ, ó ń sọ ọ́ nù."

"Ó ń kí ni?" Bàbá Luqman ló bèèrè.

"Ó ń sọ ọ́ nù, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣèèṣì ti ọ̀dọ̀ bàbá kọjá."

"O ò sọ ìyẹn fún mi ní ìsọ̀."

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán."

Ẹ̀rín sọ. Ẹni tó ń tòògbé jí.

"Ó tán," ni alága wí. "Ẹlẹ́rìí yín ti sọ ọ́. Ìlaporu ló ni ohùn."

"Ta ló lọ mú un ní Ìlaporu?" Bàbá Luqman dìde. "Nǹkan kan ò sí nílé wa, mo rí i níbòmíràn, mo fẹ́ ẹ wálé. Ṣé ilé wa ò ti ní in ni? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mò ń jókòó sẹ́yìn ilé nígbà tó bá ń fọ abọ́, kí lẹ rò pé mò ń gbọ́?"

"Ẹ gbà nígbà náà pé ohùn rẹ̀ ni?"

"Mi ò gba nǹkan kan. Ẹ jókòó síbẹ̀. Mò ń lọ pè é wá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara ilé wa lòun."

Luqman ló ń pe ìrun ní Òjòwò lónìí. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀ kí Ọlọ́hun tó gbà á, bó bá sì ti ń gbọ́ ọ, kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń rántí rẹ̀, bó ṣe jáde lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń rí: àgò lọ́wọ́, bàtà ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, òun alábòójútó bàtà, iyàn sì kù lẹ́nu rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé títì ni ìbákà bá bẹ̀rẹ̀ orin.

"Ìwọ, rọra," ó wí fún un, tó ń lọ. "Ìyá ẹ ló ni ín."