Ẹ̀ka Okòwò Tuntun ti Bàbá Ọlọ́runṣògo

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Gabriel Ọlọ́runṣògo ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ àga ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ní ọdún 1988, ọ̀gá Kareem, tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, wá láti Ọ̀yọ́ láti bẹ èyí tó wà nítòsí Takíé nílùú náà wò. Ó rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ “Ẹ̀ka Okòwò Tuntun” sára ilẹ̀kùn yàrá ẹrù. Ó ṣílẹ̀kùn. Bàbá Ọlọ́runṣògo, tó ti fi ọdún méjìlélógún tún wáyà ṣe, dìde pẹ̀lú Ràmọ́tà, ọmọbìnrin tó ń so ìpè pọ̀.

“Ta ló ní kí ẹ dá ẹ̀ka sílẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ìwé yín ní kí gbogbo wa máa wá ọ̀nà tuntun tí tẹlifóònù fi lè wúlò.”

“Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?”

“Mẹ́ta, sà. Èmi, Ràmọ́tà, àti àga tí a fi sílẹ̀ de ẹni tí ẹ máa fi kún wa.”

Ọ̀gá Kareem fún wọn lóṣù mẹ́ta. Kò fi ẹnikẹ́ni kún wọn.

Iṣẹ́ náà kò kọ́kọ́ wu Ràmọ́tà. Ó fura pé àwọn ará ọ́fíìsì ń fi òun rẹ́rìn-ín, òótọ́ sì ni. Àmọ́ Bàbá kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifóònù jí àwọn oníbàárà fún ìrun àárọ̀. Alhaji Hussein, tó ń ta aṣọ, ni Bàbá kọ́kọ́ pè.

“Ẹ kú ìdájí, Alhaji. Àkókò ìrun ti tó.”

“Mo ti jí, Bàbá. Mo ti ṣe àlùwàlá pàápàá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, ẹ padà lọ dùbúlẹ̀ ná, kí n lè tún yín pè.”

Okòwò yẹn kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Èkejì ló mú kí Ràmọ́tà gba Bàbá gbọ́. Bàbá ní àwọn tí kò ní tẹlifóònù pọ̀ ju àwọn tó ní in lọ, àwọn gan-an ló yẹ kí ilé-iṣẹ́ máa wá. Kí ẹni tó wà nílùú mìíràn pè, kí Ràmọ́tà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí òun sì gbé e dé oko lórí kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá ní kó kí ìyàwó ẹnìkan, á dúró lójúde títí ìyàwó náà fi máa ro ọbẹ̀ tán kó tó jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ tí oṣù mẹ́ta náà máa pé, ìpè kan wọlé láti ilé-ìwòsàn kan ní Ọ̀yọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àbíkẹ́ ti bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Adébóyè, tó ń dáko ní Ìrẹsà, nìkan ni wọ́n mọ̀ tó ní irú rẹ̀. Ràmọ́tà kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fò sórí kẹ̀kẹ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó padà dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

“Bàbá, kẹ̀kẹ́ ńkọ́?”

“Ó ti bá ọ̀rọ̀ náà lọ.”

Adébóyè ti gùn ún dé ibi tó ti rí ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Àbíkẹ́ yè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé ọ̀gá Kareem dé: ẹ̀ka náà kò mú èrè wá, kí wọ́n tì í. Bàbá kà á tán, ó mú ọ̀bẹ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ha ọ̀dà ilẹ̀kùn náà kúrò. Ràmọ́tà bọ́ sẹ́yìn ilé, ó lọ sunkún.

Bàbá kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Níbi ìsìnkú, àwọn ará ìjọ rẹ̀ nínú aṣọ funfun ń sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ràmọ́tà ò lè sọ ọ̀kankan.

Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìpè kan wọlé láti Ọ̀yọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn jíṣẹ́ dé Ìrẹsà nìyí?”

Ràmọ́tà wo yíká. Lẹ́yìn náà, ó fa ìwé kan sọ́dọ̀.

“Ibẹ̀ náà ni, sà. Ẹ máa wí, mo ń kọ ọ́.”