Ọjọ́ Tí Mo Pe Màmá Tíṣà Lórúkọ

Ọjọ́ kìíní tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìrémọ, ọmọ odó ni onílé wa gbé wọlé tọ̀ wá. Ó wá gba ẹni tí a fẹ́ pa sílẹ̀.

N kò dá a lẹ́bi. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, fèrèsé wa ṣí sílẹ̀ gbayawu, èmi àti Kúnlé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń lọgun tagbára-tagbára: "Má jẹ̀ẹ́ kó sá! Gé e lẹ́sẹ̀! Pa á!" Ìta ni màmá onílé wà tó ń ṣa ẹ̀wà. Obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ kó jókòó.

"Ta lẹ fẹ́ pa nínú ilé mi?"

"Ẹ má bínú, mà." Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀. "Ìkookò ni."

"Ìkookò dà?"

Kúnlé nàka sí ojú kọ̀ǹpútà. Ìkookò náà ti rí àyè, ó ti pa àwa méjèèjì, ó sì dúró lé òkú wa lórí. Màmá wò ó títí, ó gbé ọmọ odó ti ara ògiri, ó ní, "Iṣẹ́ tí ẹ sọ pé ẹ ń wá ṣe nínú yàrá mi nìyí?"

Iṣẹ́ náà nìyẹn o! Adángéèmùwò ni mí. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ló ń ṣe géèmù ńlá kan, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kóówá láti ilé tirẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìtàn gidi ló wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fẹ́ kí ó máa sọ Yorùbá. Wọ́n wá gba àwa díẹ̀ ní Ifẹ̀ pé ká máa ṣe é ṣáá, ká máa wá àléébù inú rẹ̀ kí ó tó jáde sí ìta. Ẹ gbà mí o! Kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ eré ṣíṣe! Ọjọ́ tí wọ́n pè mí, mo jó láti inú yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, mo tún jó padà.

Àléébù inú géèmù là ń pè ní kòkòrò. N kò ṣàlàyé èyí fún ìyá mi tó ń ta bàtà ní Ẹnuwà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí bí iṣẹ́ ṣe rí, mo ní, "Ó dára, mà. Kòkòrò mọ́kànlá la rí lónìí." Lọ́jọ́ kejì, ó kó oògùn kòkòrò agolo méjì fún mi pé kí n fín in sí gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá kí n tó jókòó.

Kí ènìyàn tó wọ inú ìtàn náà, ó gbọ́dọ̀ yan irú ẹni tí ó fẹ́ jẹ́, iṣẹ́ mi sì ni láti jẹ́ gbogbo wọn. Tafàtafà máa ń dúró lókèèrè, á máa ta ọfà. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn wàhálà ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí wàhálà kan òun, ìyẹn Kúnlé. Onídán ń yọ iná lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìgbájú kan ṣoṣo, ó ti dákú. Awonisàn ń wo egbò ẹgbẹ́ rẹ̀ sàn, kò sì sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ àfi ìgbà tó bá pẹ́ dé. Ẹni tó gbé asà, tó dúró níwájú kí gbogbo ìyà lè máa jẹ òun nìkan, àwa la sọ ọ́ ní agbàlù. Èmi ni agbàlù. Agbàlù ló ń kọ́kọ́ rí ohun tó ń bọ̀, nítorí náà òun ló ń pariwo ohun tí olúkúlùkù yóò ṣe.

Ní ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ ọmọ odó, Màmá Tíṣà, onílé wa, tún dé, àga tirẹ̀ ló gbé lọ́wọ́. Ó jókòó sẹ́yìn mi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, "Kí ni bàbá yẹn ń sọ tí o sáré tẹ̀ ẹ́ kọjá?"

"Ìtàn ni, mà. A ti kà á tẹ́lẹ̀."

"Èmi ò tíì kà á. Dá a padà."

Mo dá a padà. Ó kà á sókè, ketekete, bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. Bó ṣe kà á dé ibi tí ọmọdékùnrin kan ti rí ọba, tó sì wí fún ọba pé, "Báwo ni?", ó lu tábìlì gbàà.

"Kòkòrò!" ló kígbe.

Lóòótọ́, kòkòrò ni! Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti rí kòkòrò ju àwa yòókù lọ, ilé iṣẹ́ sì gbà á síṣẹ́. Awonisàn ló yàn. Ó ní òun ti fi gbogbo ayé òun wẹ orúnkún ọmọ olọ́mọ tó bó. Nígbà tí géèmù bi í ní orúkọ tí yóò máa hàn lókè orí rẹ̀, ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́: Àjíkẹ́.

"Orúkọ tí ìyá mi ń pè mí nìyẹn," ló wí.

A rí i lójú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ dá a láṣà láti pè é.

Ẹnì kẹrin wa ni Ṣọlá, onídán. Ọdún kejì iṣẹ́ wa ló bímọ, nítorí náà láti ilé rẹ̀ ní Òkèrèwè ló ti ń bá wa ṣe é. Ohùn rẹ̀ ń wọ etí wa láti inú ẹ̀rọ tí a gbé sétí, ẹkún ọmọ sì ń bá a wọlé.

Báyìí la ṣe ṣiṣẹ́ títí tí ó fi ku orí ìtàn kan ṣoṣo. Nínú ìtàn náà, odò ìlú kan ló dédé gbẹ, arìnrìn-àjò mẹ́rin sì ń wá orísun rẹ̀ lọ. Wọ́n bá bàbá arúgbó kan níbẹ̀ tó di ọ̀pá mú, Olùṣọ́ Orísun. Bí Olùṣọ́ bá tẹjú mọ́ ẹnì kan, ẹni yẹn nìkan ni kó sá sẹ́yìn fún ọ̀pá rẹ̀, kí àwọn mẹ́ta yòókù dúró gbọn-in. Bí ẹni méjì bá gbé ẹsẹ̀, orísun á pa dé, gbogbo wọn á kú, wọ́n á sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà Èkó dé. Ọ̀gá kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. A ó ṣe orí tó kẹ́yìn yìí lójú rẹ̀, Yorùbá nìkan la ó sọ. Bí a bá parí rẹ̀, géèmù yóò jáde ní Yorùbá. Bí a kò bá parí rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọn yóò fi gbé e jáde. Inú mi bà jẹ́ láti ronú kàn án. Ọdún méjì la fi ṣe é! Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá Tíṣà tún ṣe, wọ́n á kàn pa á rẹ́.

A kú lọ́jọ́ Ajé. A kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí Olùṣọ́ bá wo Kúnlé, nǹkan á lọ dáadáa. Bó bá wo Ṣọlá, kò séwu. Bó bá ti wo Màmá báyìí, gbogbo wa á tú ká bí adìẹ tó rí àṣá. Mo kọ̀wé sí Èkó pé kòkòrò ńlá wà níbẹ̀. Wọ́n fèsì pé kò sí kòkòrò kankan.

Ṣọlá ló tú u fó láàárọ̀ Ọjọ́rú.

"Ráfí, ta lo ní kó sá lẹ́ẹ̀kan?"

"Màmá ni."

"Ṣùgbọ́n 'Ẹ sá!' lo wí. Mo sá."

"Èmi náà sá," ni Kúnlé wí.

Mo wo Kúnlé, Kúnlé wò mí, Màmá Tíṣà wo àwa méjèèjì, ló bá di pé a bú sẹ́rìn-ín. Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́. Bí mo bá ń bá Kúnlé sọ̀rọ̀, "Kúnlé, sá!" ni. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí n óò fi wí fún Màmá Tíṣà pé "Sá!"? "Ẹ sá!" ni mò ń wí fún un, àwọn yòókù sì rò pé gbogbo wa ni. Kòkòrò náà kò sí nínú géèmù rárá. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá mi kọ́ mi ni.

A gbìyànjú oríṣiríṣi. Mo pariwo, "Màmá!" nìkan. Màmá yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ̀n, Ráfí, kí ló dé?" Ọ̀pá sì bà á. Mo ní, "Màmá, ẹ sá!", ọmọ Ṣọlá sunkún bo "Màmá" mọ́lẹ̀, "ẹ sá" nìkan ló dé Òkèrèwè. Màmá fúnra rẹ̀ ní kí n máa wí "Sá!" fún òun, pé eré ni, òun kò ní bínú. Mo gbà. Nígbà tó di ojú ogun, mo la ẹnu: "S... s... ẹ sá, mà!" A tún kú.

Nígbà tí Màmá wọlé lọ mu omi, Kúnlé sún mọ́ mi, ó rọra wí pé, "Orúkọ wà lókè orí wọn. Kí ló dé tí o ò pè é?"

Mo wò ó bí ẹni tó ní kí n lọ gbá ìyá mi létí. Ó padà sí àyè rẹ̀.

Màmá Tíṣà ló bá wa wá ojútùú. "Ráfí, gbé asà yẹn fún mi," ló wí. "Ta ló dàgbà jù nínú wa?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Bí mo bá ní 'Sá', ẹni tí mo dárúkọ rẹ̀ nìkan ni. Bí mo bá ní 'Ẹ sá', gbogbo yín ni. Tó bá wá wo èmi, mo lójú, mo lẹ́sẹ̀."

Ìgbà tí mo gbọ́ ọ, ṣe ni mo dì mọ́ ọn. Ó di agbàlù, èmi di awonisàn. Ọjọ́ kan péré ni mo ní láti tún ọwọ́ mi kọ́. Lọ́jọ́bọ̀, mo wo ìkookò sàn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jẹ́ kí Kúnlé kú sójú mi.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ọ̀gá tó ti Èkó wá jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó sẹ́yìn wa pẹ̀lú ìwé àti bírò. A bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò rí Màmá Tíṣà lọ́jọ́ náà! "Kúnlé, sá! Padà síbẹ̀! Ṣọlá, sá! Gbé ọmọ yẹn sọ́yàn! Ráfí, ojú rẹ dà? Sá!" Àṣẹ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tó ń to ọmọ sórí ìlà. Ó ń rẹ Olùṣọ́, inú mi ń dùn. Ó ku díẹ̀. Olùṣọ́ wá fi ọ̀pá kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn sì jáde sójú kọ̀ǹpútà.

Ohun tí a kò rò nìyẹn. Màmá Tíṣà kì í tẹ ọ̀rọ̀ kọjá.

"'Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ omi yìí,'" ló bẹ̀rẹ̀ sí kà sókè, ìka rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "'kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá òùngbẹ...'"

Olùṣọ́ gbójú sókè. Màmá ló wò. Ọ̀pá ń lọ sókè, Màmá ṣì ń kàwé. Bí mo bá pe "Màmá", á yíjú sí mi. Bí mo bá ní "Ẹ sá", ó parí. Kúnlé mí hẹlẹ. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Àjíkẹ́! Sá!"

Ó sá! Ó gbéra kíá bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè nídìí eré. Àwa yòókù dúró gbọn-in. Ọ̀pá balẹ̀ sí àyè òfìfo, Olùṣọ́ kúnlẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn, ó ṣàn, ó ṣàn! Kúnlé gorí tábìlì. Ọ̀gá Èkó ju bírò nù, ó ń pàtẹ́wọ́. Ṣọlá ń kígbe, ọmọ rẹ̀ ń kígbe.

Èmi ti wà nílẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. "Ẹ dárí jì mí, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu mi ló já bọ́."

Màmá Tíṣà yọ ẹ̀rọ létí. Omi wà lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo pè mí?"

"Èmi ni, mà."

"Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, kò sẹ́ni tó kù láyé tó ń pè mí bẹ́ẹ̀." Ó nu ojú. "Tún un pè."

Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Mo tún là á. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

"Ta ni 'ẹ' yẹn? Ṣé ká sá?" ni Ṣọlá béèrè láti Òkèrèwè, ẹ̀rín sì tún pa gbogbo wa.

Géèmù ti jáde báyìí, ní Yorùbá. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn adángéèmùwò tuntun. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, nítorí òun ni agbàlù. Wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ni mo fi ṣe.

Màmá Tíṣà kò fi géèmù sílẹ̀. Ó ti padà sídìí awonisàn, ó sì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú pálọ̀ báyìí. Àwọn tó ń bá a ṣe é wà ní Ìlọrin, wọ́n wà ní Kútọnu, wọ́n wà lókè òkun. Wọn kò rí i rí, wọn kò mọ iye ọdún rẹ̀. Orúkọ tó wà lókè orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Láàárọ̀ àná, kí n tó kan ilẹ̀kùn, mo dúró díẹ̀ lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn wọn.

"Àjíkẹ́, o dà? Ẹsẹ̀ mi ti kán o!"

"Àjíkẹ́, ìwọ là ń dúró dè!"

"Èmi rèé o!" ni Màmá Tíṣà ń dáhùn, ẹ̀rín ń bú lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀!"

Mo dúró kí ó wò wọ́n sàn tán. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."